Òkè Ilé Tí A Kò Tíì Parí: Bí A Ṣe Lè Ṣètò Rẹ̀ Kí Ó Má Di Gbèsè

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Òun ni ọ̀rọ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kò tíì parí.

Kò sí àdúgbò tuntun tí ènìyàn lè dé ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Àkúrẹ́, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìkòròdú tí kò ní rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé ti parí, wọ́n ti ta aṣọ sí fèrèsé, àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ojú sókè, irin òpó ni a ó rí tí wọ́n nàró gangan, tí ìpẹtà ti bò wọ́n. Koríko ti hù lórí dẹ́kìn. Bí òjò bá rọ̀ lóru, onílé á dìde, á gbé báàsì sí àárín pálọ̀ nítorí omi tí ń kán láti òkè.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń ṣètò ìwé ìròyìn yìí ni a ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe ohun ìtìjú kí ilé pẹ́ kí ó tó parí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí ó wà ní Àgbádárìgì, ọdún 1842 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì di ọdún 1845 kí ó tó parí. Ohun tí ó ń dun ni ni pé kí a ná owó, kí owó náà tún bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ni ó mú kí a kọ ìwé yìí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà sì fẹ́ kí a sọ ọ́ kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti parí òkè ilé rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó gba owó náà ni ó kó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì dé, tí ó sì pe bírìkìlà. Ògiri dé ibi líńtẹ́ẹ̀lì ni owó tán. Kò sí pákó, kò sí páànù. Òjò ọdún méjì rọ̀ sórí ògiri náà, omi gba inú dẹ́kìn wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó ba àjà jẹ́, ó sì ba wáyà iná jẹ́. Àpò sìmẹ́ǹtì tí ó ṣẹ́kù di òkúta. Nígbà tí kò lè san owó mọ́, ẹgbẹ́ yíjú sí àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tí ó ń tọ́jú owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú ẹgbẹ́. Owó yẹn ni a fi dí gbèsè. Títí di òní, àwọn méjèèjì kì í fi bẹ́ẹ̀ kí ara wọn.

Ẹni tí a ń wí yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe olè. Ètò ni kò ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ètò náà ṣe yẹ kí ó rí.

Ǹjẹ́ ìsàlẹ̀ lè gbé òkè?

Èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́, owó kankan kò sì gbọdọ̀ jáde lápò wa kí a tó rí ìdáhùn sí i. Pé dẹ́kìn wà lórí ilé kò fi hàn pé ìpìlẹ̀ ilé náà lè gbé ilé mìíràn lórí. Àwọn kan fi dẹ́kìn bo ìsàlẹ̀ ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé onílẹ̀ kan ni wọ́n gbẹ́. Àwọn mìíràn ra ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn kò mọ irú irin tí ó wà nínú òpó.

Kí a pe ẹnjiníà tí ó kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Bírìkìlà tí ó mọṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹnjiníà yóò gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ láti wò ó. Yóò wo òpó, bíìmù àti ìsàlẹ̀ dẹ́kìn bóyá wọ́n ti là tàbí wọ́n ti tẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń gbá kọnkéré láti mọ bí ó ti le tó láìfọ́ ọ. Kí a bèèrè pé kí ó lò ó. Kí ó tún wo irin òpó tí ó ti wà nínú òjò láti ọjọ́ yìí. Ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọ̀n dànù kò burú. Ṣùgbọ́n bí irin bá ti ń ṣí bí èèpo igi, tí ó sì ti tín-ín-rín ju bí ó ti wà lọ, ẹnjiníà ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe sí i.

Owó tí a ó san fún un lè dùn wá. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, nígbà tí ilé kan tí ilé ìwé ọmọdé wà ní òkè rẹ̀ wó lulẹ̀ ní Ìta Fájì, ní Erékùṣù Èkó. Àwọn ọmọ ilé ìwé wà nínú àwọn tí ó kú. Kò sí owó ẹnjiníà tí ó tó ẹ̀mí ọmọ kan.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní òfin tiwọn pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ilé onílẹ̀ kan ni ó wà nínú àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí fún wa, kí a lọ tún àwòrán náà ṣe kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù kan sókè. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n lè fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí ara ògiri wa pé kí a dá iṣẹ́ dúró, nígbà tí owó ẹ̀yáwó ti wà nílẹ̀ tí èlé sì ń gorí rẹ̀.

Kí a mọ bí ẹrù ti wúwo tó

Ẹrù tí ojú kò kà sí ni ó ń pa ilé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ògiri kan ṣoṣo, tí ó gùn ní mítà 4, tí ó sì ga ní mítà 3. Búlọ́ọ̀kù 10 ni ó ń lọ sí ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó, nítorí náà ògiri yìí yóò gba 120. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì 9 wúwo tó nǹkan bí kílò 25. Ìwọ̀n 120 jẹ́ kílò 3,000. Èyí dà bí ìgbà tí a to àpò sìmẹ́ǹtì 60 sórí ìlà kan lórí dẹ́kìn. Bí a bá lo oníńṣì 6, tí ó wúwo tó nǹkan bí kílò 18, ó dín sí nǹkan bí kílò 2,160. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi sábà máa ń yan oníńṣì 6 fún ògiri tí ó dá yàrá sí méjì lókè, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ògiri òkè dúró lórí ògiri ìsàlẹ̀ tàbí lórí bíìmù. Bí ìyàwó ilé bá fẹ́ kí pálọ̀ òkè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ó dára, ṣùgbọ́n kí ẹnjiníà gbọ́ kí bírìkìlà tó gbọ́.

Omi náà wúwo. Tánkì tí ó gba lítà 1,000, tọ́ọ̀nù kan ni omi inú rẹ̀ nígbà tí ó bá kún, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì 20. Kí a má kàn gbé e síbi tí ó wù wá lórí ilé.

Nǹkan kan tún wà tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀. Bí a bá gbé búlọ́ọ̀kù sókè, àwọn lébìrà a máa tò ó jọ sí àárín dẹ́kìn nítorí pé ibẹ̀ ni ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Búlọ́ọ̀kù oníńṣì 9 tí ó bá tó 500 ju tọ́ọ̀nù 12 lọ. Kí wọ́n pín in káàkiri sí ẹ̀bá ògiri, kí wọ́n sì máa gbé e sókè bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ pinnu lórí ìwé

Àtẹ̀gùn ni ó ń kọ́kọ́ da ètò ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, nítorí ó ń jẹ àyè ju bí wọ́n ti rò lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ojú ilẹ̀ òkè, íńṣì 120 nìyẹn. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ga tó íńṣì 7, a ó nílò ìgbésẹ̀ 17. Bí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bá jẹ́ íńṣì 10, àtẹ̀gùn náà yóò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 13 lọ bí ó bá lọ tààrà. Bí kò bá sí àyè, kí ó ṣẹ́rí padà láàárín. Kí a má dín in kù títí yóò fi dà bí àkàbà, nítorí ìyá àgbà àti aláboyún yóò gùn ún. Kí gbogbo ìgbésẹ̀ ga bákan náà, nítorí ọ̀kan tí ó bá yàtọ̀ ni yóò gbé ènìyàn ṣubú. Irin ìdìmú kò gbọdọ̀ ṣàìsí níbẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, kí irin rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, kí àlàfo tí ó wà láàárín irin má sì ju íńṣì 4 lọ kí orí ọmọdé má bàa gba ibẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ òkè, kí wọ́n wà ní ọ̀gangan ti ìsàlẹ̀. Báyìí ni páìpù yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ tààrà, tí kò ní máa gba òkè pálọ̀ ẹnikẹ́ni kọjá. Kí a bèèrè pẹ̀lú bóyá kòtò ìgbẹ́ tí a gbẹ́ fún ìdílé kan lè gba ti méjì.

Ooru ni ọ̀tá òkè ilé, nítorí páànù wà lórí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé méjì bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kọjú sí ara wọn tàbí kí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì, kí atẹ́gùn lè wọlé kí ó sì jáde. Kí ihò atẹ́gùn wà láàárín àjà àti páànù pẹ̀lú, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí àdán má bàa sọ ibẹ̀ di ilé.

Kí a pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Iṣẹ́ òkè ilé ní apá mẹ́ta. Apá àkọ́kọ́ àti apá ìkẹ́yìn ṣeé ṣe díẹ̀díẹ̀. Apá àárín kò ṣeé dá dúró láàárín ọ̀nà.

Apá kìíní ni ìpalẹ̀mọ́. Ẹnjiníà, àwòrán, ìwé àṣẹ, títún dẹ́kìn ṣe: gbogbo èyí ni a lè fi owó tí a ń rí lóṣooṣù ṣe. Kí a hú koríko orí dẹ́kìn, kí a dí ibi tí ó là, kí a la ọ̀nà fún omi òjò kí ó má dúró lójú kan. Bí a bá tilẹ̀ dúró níbẹ̀ fún ọdún kan, pálọ̀ ìsàlẹ̀ kò ní jò mọ́. Ní àsìkò yìí náà ni a lè máa ra ohun tí kì í bàjẹ́ sílẹ̀, bí páànù àti irin, bí a bá ní ibi gbígbẹ tí a lè tì. Ṣùgbọ́n kí a má ra sìmẹ́ǹtì pamọ́. Bí sìmẹ́ǹtì bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ nínú yàrá, agbára rẹ̀ ti ń dín kù, ọ̀rinrin ilẹ̀ nìkan sì tó láti sọ ọ́ di òkúta.

Apá kejì ni láti orí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ títí dé orí páànù ìkẹ́yìn: òpó, ògiri, líńtẹ́ẹ̀lì, bíìmù, pákó òrùlé, páànù. Ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn, a kò sì gbọdọ̀ yà wọ́n. Ẹni tí kò bá ní owó páànù, kí ó má to búlọ́ọ̀kù. Kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí òjò bá ti lọ, bí oṣù Kọkànlá, kí òrùlé lè wà lórí kí òjò oṣù Kẹta tàbí Kẹrin tó dé. Kí a má sì jẹ́ kí oyẹ́ tàn wá jẹ: ó máa ń yára gbẹ kọnkéré jù. Kí a máa bu omi sí kọnkéré tuntun fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, kí a má sì gbé ẹrù lé e títí ẹnjiníà yóò fi fọwọ́ sí i. Agbára ọjọ́ 28 ni ó fi ṣírò tirẹ̀.

Kí a wo ara àpò sìmẹ́ǹtì dáadáa nígbà tí a bá ń rà á. Láti ọdún 2014 ni àjọ SON ti pín sìmẹ́ǹtì sí ọ̀nà tí ó yẹ kí a lò ó. Èyí tí a kọ 32.5 sí wà fún rírẹ́ ògiri. Èyí tí a kọ 42.5 sí ni ti òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù.

Apá kẹta ni kí ilé di ibùgbé: páìpù àti wáyà iná ṣáájú, lẹ́yìn náà rírẹ́ ògiri, àjà, ilẹ̀kùn, fèrèsé, ilẹ̀ àti ọ̀dà. Bí a bá rẹ́ ògiri kí oníná tó dé, a ó tún fọ́ ohun tí a fi owó rẹ́. Ní apá yìí, a lè ṣe yàrá kan lóṣù yìí, kí a sì ti ìyókù pa. Òrùlé ti wà lórí, kò sí òjò tí ó lè lé wa. Ẹni tí ó fẹ́ gbé òkè fún ayálégbé lè parí yàrá méjì àti ilé ìwẹ̀ kan, kí owó ilé tí ó bá ń wọlé sì máa parí ìyókù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ibi tí ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ti wúlò

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Apá kejì ni kí a fi ẹ̀yáwó ṣe, nítorí òun nìkan ni ó ń fẹ́ owó púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe òdìkejì èyí: a ń yá owó ṣe ìpalẹ̀mọ́, owó a sì tán nígbà tí ògiri wà ní ìdajì.

Kí a tó tọwọ́ bọ ìwé, kí a ṣírò ohun tí a ó máa san. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnìkan tí ó ní ₦500,000 nípamọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń yáni ní ìlọ́po méjì, ₦1,000,000 ni ó lè gbà. Bí èlé gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ₦100,000, tí yóò sì san án fún oṣù 20, ₦55,000 ni lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n àjẹṣẹ́kù rẹ̀ kò dúró. Bí ó bá ń dá ₦20,000 lóṣù, ₦75,000 ni yóò máa jáde. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦150,000, ìdajì ti lọ kí ó tó ra gàrí. Kí ọkọ àti aya jókòó wo iye yìí pọ̀, kí wọ́n fi owó ilé ìwé àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì sọ òtítọ́ fún ara wọn.

Kí a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó kéré tán, lé orí iye tí bírìkìlà bá ṣírò fún wa, nítorí ọjà kì í dúró dè wá. Bí iye náà bá ju ohun tí ẹ̀yáwó àti owó ọwọ́ wa lè ká lọ, kí a fi ọdún kan sí i. Kí a ra páànù lọ́dún yìí, kí a kọ́ ọ lọ́dún tí ń bọ̀.

A tún rọ ẹ̀yin tí ẹ ń dúró fún ènìyàn pé kí ẹ má tijú láti bèèrè ètò apá mẹ́ta yìí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ìbéèrè náà kì í ṣe ìwà ọ̀tá. Ká ní àwọn onídùúró ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn ti bèèrè owó páànù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, ọ̀rẹ́ wọn kò bá má bàjẹ́.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín. Ẹ bèèrè iye ènìyàn tí ó ní òkè ilé tí kò tíì parí. Bí ẹni márùn-ún bá ń fẹ́ páànù ní ọdún kan náà, wọ́n lè para pọ̀ rà á ní iye ọlọ́pọ̀, kí wọ́n sì pín owó ọkọ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ohun tí ó sì mú wa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń san gbèsè rẹ̀ padà fún àwọn onídùúró rẹ̀. Ó ti tún dẹ́kìn rẹ̀ ṣe, páànù rẹ̀ sì ti ń pé díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù títí páànù ìkẹ́yìn yóò fi wọlé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa kọ́lé parí, kí a sì gbé inú rẹ̀ pẹ́. Ire o.